Èso Tí À Ń Dànù, Omi Tí À Ń Mu: Ìmọ̀ràn Mẹ́wàá fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Oko Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ọ̀nà-Àrà, ọ̀rọ̀ omi ni mo ní í bá yín sọ. Kò sí ilé tí kì í lò ó, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ẹ mọ bí omi odò àti ti kànga wa ṣe máa ń pọ́n.

Ìjọba ti ṣe omi ẹ̀rọ Ẹlẹ́yẹlé láti 1942, ti Aséjìre sì tẹ̀ lé e ní 1972, ṣùgbọ́n ní púpọ̀ nínú abúlé wa, kànga, odò àti bọ́ọ̀hólù la gbójú lé. Bí omi bá ti rú, álọ́ọ̀mù là ń sáré rà lọ́jà. Ní ọjà yẹn kan náà, èèpo ọsàn, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, kóró ìbẹ́pẹ àti èèpo àgbọn ń jẹrà ní òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ti fi hàn pé àwọn ohun tí à ń dànù wọ̀nyí lè bá wa tún omi ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe àti èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó bá mọ ti àkọ́kọ́ tí kò mọ ti ìkejì lè bu omi tó mọ́ lójú fún ọmọ rẹ̀, kí àrùn sì wà nínú ife. Ìdí nìyí tí mo fi to ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ mọ ohun tó ba omi jẹ́ kí ẹ tó wá oògùn rẹ̀

Ohun mẹ́ta ló ń ba omi wa jẹ́. Èkíní ni ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí tí ojú ń rí. Èkejì ni kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí, àwọn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, táífọ́ọ̀dù àti kọ́lẹ́rà. Ẹ̀kẹta ni ohun tó ti yòrò sínú omi: òjé, ajílẹ̀ òyìnbó tó ṣàn wá láti oko, àti ohun tó ń jò wá láti ṣáláńgá. Ẹ̀kẹta yìí lè wà nínú omi kí omi má yí àwọ̀ padà, kó má sì rùn.

Kọ́lẹ́rà kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ní 2021 nìkan, àjọ NCDC tó ń mójú tó ìdènà àrùn nílẹ̀ wa ka àwọn tí wọ́n fura pé ó mú sí ohun tó lé ní 111,000, àwọn tó sì kú lé ní 3,600. Omi tó gbé kọ́lẹ́rà lè mọ́ gaara lójú.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé èèpo tàbí kóró kan ń tún omi ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, èwo ló ń mú kúrò? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má tíì gbà á gbọ́.

2. Ẹ má da èso sí odò mọ́

Kí a tó sọ pé a fẹ́ fi èso tún omi ṣe, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jáwọ́ nínú fífi í ba omi jẹ́. Èso tó bá ń jẹrà nínú odò ń gba atẹ́gùn tí ẹja ń mí, ó sì ń di oúnjẹ fún kòkòrò. Èyí tó bá dé gọ́tà ń dí ọ̀nà omi. Ẹ bi àwọn òbí yín nípa ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún, tó gbé ilé àti ènìyàn lọ ní Ìbàdàn. Ìdọ̀tí tí a kó dí ojú odò wà lára ohun tó sọ òjò ọjọ́ náà di àjálù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, àgbàrá tún ṣe irú rẹ̀.

Ẹ bá àwọn ìyá wa tó ń bó ọsàn lẹ́bàá títì sọ̀rọ̀, ẹ gbé àpò fún wọn, kí ẹ máa wá kó o nírọ̀lẹ́. Ẹ ya èèpo sọ́tọ̀: èyí tí ewúrẹ́ lè jẹ, kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́; èyí tó lè di ajílẹ̀, ẹ sin ín sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀; èyí tó wúlò fún omi, ẹ sá a sóòrùn lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

3. Mòríńgà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ dárúkọ, mòríńgà ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù, òun ni mo sì fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n lò. Igi náà wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn Haúsá ń pè é ní zogale. Ewé rẹ̀ là ń já. Èso rẹ̀ gígùn tó gbẹ sórí igi kì í jọ ẹnikẹ́ni lójú, bẹ́ẹ̀ inú èso gbígbẹ yẹn ni oògùn ẹrẹ̀ wà.

Àwọn obìnrin abúlé ní Sudan ti ń fi hóró rẹ̀ tún omi Náílì ṣe tipẹ́tipẹ́. Samia Al Azharia Jahn, onímọ̀ ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Sudan, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tó sì jẹ́ kí ayé gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Leicester lo hóró yìí ní ibùdó omi ìlú Thyolo ní Màláwì, omi náà sì tòrò bí èyí tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù ṣe.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹyọ ẹrẹ̀ inú omi kéré gan-an, irú agbára iná kan náà ló sì wà lára gbogbo wọn, tí wọ́n fi ń ti ara wọn sẹ́yìn, tí wọn kì í fi í jókòó. Puroténì inú hóró mòríńgà gbé agbára òdìkejì wá. Ó ń fa ẹrẹ̀ mọ́ra títí yóò fi di ìṣùpọ̀. Ìṣùpọ̀ á wúwo, á sì rì sísàlẹ̀. Iṣẹ́ tí álọ́ọ̀mù ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìyàtọ̀ wọn ni pé álọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ jù ń mú kí omi kan, mòríńgà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kò sì ní í náwó lé e.

Ẹ jẹ́ kí èso rẹ̀ gbẹ lórí igi kí ẹ tó ká a. Ẹ la á, ẹ yọ hóró rẹ̀, ẹ bó èèpo tó ní apá kúrò kí funfun inú rẹ̀ jáde. Èyí tó bá ti dúdú tàbí tó hu búńtú, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ gún èyí tó dára nínú odó kékeré tó mọ́, kó kúnná, kí ẹ sì jọ̀ ọ́.

Ìwọ̀n rẹ̀ fún kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 rèé. Bí omi bá rú díẹ̀, hóró 5 tó o. Bó bá rú níwọ̀ntúnwọ̀nsì, hóró 10. Bó bá pọ́n dáadáa, hóró 20. Bó bá jẹ́ omi àgbàrá tó ki, ó lè gba 40. Ẹ po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi mímọ́ nínú ìgò, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ sínú omi tí ẹ fẹ́ tún ṣe. Ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí ẹ wá rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ dé e, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ fún wákàtí kan sí méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra da omi òkè sínú ohun mìíràn, ẹ tún fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹdẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí igi oko ni kí ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹdẹ̀ náà sí, kó má padà sí ojú kànga.

Ẹ kórè hóró nígbà ẹ̀rùn, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ de ìgbà òjò. Ẹ má gún un sílẹ̀ púpọ̀. Ìwọ̀n tí ẹ máa lò ni kí ẹ máa gún. Bí ẹ bá sì fún òróró rẹ̀, ẹ má da ohun tó ṣẹ́kù nù. Òróró á di ọṣẹ àti ìpara, ohun tó ṣẹ́kù yẹn á ṣì tún omi ṣe.

4. Ẹ dán kóró yòókù wò kí ẹ tó gbà wọ́n gbọ́

Àwọn olùwádìí nílẹ̀ wa ti dán kóró ìbẹ́pẹ àti ti wọ́tàmẹ́lọ̀n wò, wọ́n sì rí i pé àwọn náà ń mú ẹrẹ̀ rì. Ṣùgbọ́n omi Akànrán kì í ṣe omi Mọ́níyà. Ẹrẹ̀ yàtọ̀ sí ẹrẹ̀, ohun tó bá ìyẹn lára mu lè má bá èyí mu. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni kí ẹ ṣe ìdánwò tiyín.

Ẹ wá ìgò mẹ́fà tó mọ́ gaara, tí wọ́n dọ́gba. Ẹ bu omi kan náà sí gbogbo wọn lákòókò kan náà. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, ẹ fi álọ́ọ̀mù sí ọ̀kan, ẹ fi mòríńgà sí ọ̀kan, kí ẹ wá fi ìyẹ̀fun kóró ìbẹ́pẹ tí ẹ sá gbẹ sí mẹ́ta yòókù ní ìwọ̀n tó ju ara wọn lọ. Ẹ ro gbogbo wọn bákan náà, ẹ gbé wọn kalẹ̀, kí ẹ máa wò wọ́n.

Ìgò tí ẹ kò fi nǹkan sí yẹn ṣe pàtàkì jù, torí ẹrẹ̀ kan wà tí yóò rì fúnra rẹ̀ bí a bá ti fi í sílẹ̀. Bí ìgò kóró ìbẹ́pẹ kò bá yá ju ìyẹn lọ, kóró náà kò ṣe nǹkan kan. Ẹ óò tún rí i pé ìwọ̀n tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kí omi tòrò. Yóò tún máa rú ni. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀kan kò ní í jẹ́ kí oníṣòwò kan wá fi ọ̀rọ̀ dídùn ta ìyẹ̀fun fún ìyá rẹ̀ mọ́.

5. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti ọsàn lágbára lórí òjé, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ilé yín

Ohun kan wà nínú èèpo ọsàn àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó máa ń di irin mú nínú omi. Ní 2011, Gustavo Castro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì fi hàn pé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tí a lọ̀ lè yọ òjé àti bàbà kúrò nínú omi odò. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí ẹ̀yin tó ń ka kẹ́mísìrì ní ilé ìwé gíga wa máa lépa irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òjé kò jìnnà sí wa. Ní Olódó, ní ìhà Ẹgbẹ́dá, àwọn onímọ̀ ti kọ ìwádìí nípa ilẹ̀ tí wọ́n da ìdàrọ́ bátìrì ọkọ̀ sí nígbà kan rí, tí òjé inú rẹ̀ kọjá ààlà. Ohun tí òjé lè ṣe, gbogbo Nàìjíríà rí i ní Zamfara ní 2010, nígbà tó pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Nítorí bó ṣe le tó yìí ni mo ṣe ń kìlọ̀. Ìwọ̀n òjé tí òfin omi mímu Nàìjíríà ti 2007 fàyè gbà nínú lítà omi kan kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ. Kò sí ojú, kò sí ahọ́n tó lè mọ̀ bóyá èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti mú un dé ibẹ̀. Bí ẹ bá fura sí òjé nínú kànga, ẹ pa kànga náà tì fún mímu àti fún oúnjẹ, kí ẹ gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe ju èèpo tútù sínú omi mímu rárá. Yóò yí àwọ̀ omi padà, yóò jẹrà, kòkòrò á sì fi ṣe oúnjẹ.

6. Ẹ sọ èèpo àgbọn àti èèpo ekùrọ́ di èédú

Èédú tí a dá láti ara èèpo líle ní ihò wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà, inú ihò yẹn ni òórùn, àwọ̀ àti àwọn kẹ́míkà kan ń há sí. Ní 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n bẹ àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má da kóró èso peach àti èèpo èso líle nù. Èédú wọn ni wọ́n ń kó sínú ìbòjú tó ń gba àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́ gáàsì olóró. Títí di òní, èédú èèpo àgbọn ló wà nínú ọ̀pọ̀ asẹ́ omi tí wọ́n ń tà nígboro.

Tiwa wà níbi tí wọ́n ti ń pa ekùrọ́ àti lọ́dọ̀ àwọn alágbọn. Ẹ kó èèpo gbígbẹ sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ tanná sí i. Bí iná bá ti ràn dáadáa, ẹ dé e, kí ẹ fi yẹ̀pẹ̀ dí etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Ẹ má ṣí i títí yóò fi tutù pátápátá. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ kò fi ní í dúdú mọ́. Ẹ gbẹ́ ihò sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, ẹ da èédú lé e, kí ẹ sì da iyanrìn tí ẹ fọ̀ mọ́ lé èédú. Omi tí ẹ ti mú ẹrẹ̀ rẹ̀ rì ni kí ẹ dà sí i, torí ẹrẹ̀ tútù á dí i kíákíá.

Èédú ilé kò lágbára tó ti ilé iṣẹ́, tí wọ́n tún fi iná gbígbóná janjan àti ooru omi híhó là ní ihò sí i. Kì í pa kòkòrò. Bí ẹ bá sì lò ó pẹ́ láìpààrọ̀, òun fúnra rẹ̀ á di ilé kòkòrò. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ déédéé, kí ẹ da èyí tó ti gbó sí oko.

7. Oòrùn àti ọsàn wẹ́wẹ́ lè ràn yín lọ́wọ́

Ní àwọn ọdún 1980, Aftim Acra, onímọ̀ kan ní Bèírúùtù, fi hàn pé oòrùn lè pa kòkòrò inú omi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí ni pé wọ́n á rọ omi tó tòrò sínú ìgò ọ̀rá tó mọ́ gaara, tí kò ju lítà méjì lọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí páànù ní gbangba oòrùn fún wákàtí 6. Bí ìkúùkù bá bo ojú ọ̀run, ọjọ́ méjì gbáko ni.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú irú omi bẹ́ẹ̀ kí a tó sá a, irú kòkòrò ìgbẹ́ kan tí wọ́n dán wò ń yára kú gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn fáírọ́ọ̀sì kò kú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ ran oòrùn lọ́wọ́, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sì fún un sínú omi kànga kí ẹ mu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ó ti mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi ti tòrò tó fún oòrùn, ẹ gbé ìgò dúró lórí ìwé ìròyìn, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá lè ka àkọlé ńlá tó wà lábẹ́ rẹ̀, oòrùn á lè ráyè wọlé. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ padà sí mòríńgà.

8. Omi ti tòrò tán, ẹ ṣì sè é

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti sọ, ẹ má gbàgbé èyí. Ìwádìí fi hàn pé mòríńgà lè mú kòkòrò 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún bá ẹrẹ̀ rì. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò 100,000 bá wà nínú ife omi, tí a mú 99 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, 1,000 ṣì kù tí ọmọ á gbé mì. Oúnjẹ díẹ̀ láti ara hóró sì tún kù sínú omi náà. Bó bá di ọjọ́ kejì, àwọn tó kù á ti bí sí i. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún un ṣe náà ni kí ẹ pa kòkòrò rẹ̀.

Ẹ gbé e kaná títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù nínú ìkòkò tí ẹ dé. Bí igi ìdáná bá wọ́n, ẹ lo oògùn kílórìn tí wọ́n ń tà fún omi mímu, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó mu ún.

Ẹlòmíràn á bi mí pé, bó bá jẹ́ pé iná ló máa parí iṣẹ́, kí ni a ń da ara wa láàmú lórí mòríńgà sí? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹrẹ̀ ni ibùba kòkòrò. Nínú omi tó rú, ẹrẹ̀ á ti jẹ agbára kílórìn tán kó tó kan kòkòrò, oòrùn kò sì ní í lè wọ inú ìgò. Èso ń la ọ̀nà, iná tàbí kílórìn tàbí oòrùn á wá gba ọ̀nà náà wọlé. A nílò méjèèjì.

Bí omi bá ti mọ́ tán, ohun tó ní ìdérí ni kí ẹ pa á mọ́ sí. Kí ẹnikẹ́ni má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ife tó ní ọwọ́ gígùn tàbí kẹ́ẹ̀gì tó ní ẹnu ẹ̀rọ ló dára. Ẹ máa fọ àmù, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó bu omi.

9. Ẹ tọ́jú kànga, kí iṣẹ́ omi tó dín kù

Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Kànga tí a bá ṣọ́ kò ní í fún wa ní iṣẹ́ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá ní mítà 30 ó kéré tán, kó sì wà ní ibi tó ga ju ṣáláńgá lọ. Ẹ mọ ẹnu rẹ̀ sókè kí àgbàrá má wọ̀ ọ́, ẹ fi ìdérí sí i, kí okùn àti korobá ìfami rẹ̀ má máa sùn nílẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ẹ má jẹ́ kí omi ẹ̀gẹ́ ṣàn sí ìdí kànga tàbí odò. Májèlé sáyánáìdì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ike oògùn apakòkòrò kòkó: ẹ kò gbọdọ̀ ṣan án lódò, ẹ kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di ohun ìpọnmi, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Kò sí kóró èso tó lè bá yín yọ ìyẹn.

10. Ẹ ṣe é pọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ omi abúlé kọjá agbára ọ̀dọ́, ẹ sọ ìtàn sòbìà, aràn tó ń ti inú omi mímu wọ ara, fún un. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó ní i ní gbogbo Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, àwọn tí sòbìà ń dà láàmú lé ní 650,000. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, àwọn ará Ìbàràpá mọ ìrora rẹ̀ dáadáa: àgbẹ̀ á dùbúlẹ̀ nígbà iṣẹ́ oko gan-an. Àwọn àgbà ti wí pé kí sòbìà tó degbò, Olúgànbẹ là á ké sí. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, oògùn tí wọ́n ń dà sí odò, kànga tó dára, àti àwọn ènìyàn tó ń ti ilé dé ilé ṣàlàyé, ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Jimmy Carter tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí àti Ọ̀gágun Yakubu Gowon tó ti jẹ olórí Nàìjíríà rí wà lára àwọn tó ṣaájú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń fi aṣọ sẹ́ omi lójoojúmọ́ ló parí rẹ̀. Ẹni tó mú gbẹ̀yìn nílẹ̀ wa, 2008 ni. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Ohun tí gbogbo ilé bá ń ṣe lójoojúmọ́ ni yóò ṣẹ́gun ìgbẹ́ gbuuru náà. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ gbin mòríńgà sí ilé ìwé, sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ nǹkan sí: omi wo, ọjọ́ wo, hóró mélòó, wákàtí mélòó kó tó tòrò. Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé náà dúró sí abúlé. Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí láti 1948, IITA tó ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ wà lójú ọ̀nà Mọ́níyà láti 1967, NIHORT tó ń ṣe ìwádìí èso wà ní Ìdí-Ìṣin láti 1975. Ẹ kan ilẹ̀kùn wọn, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti lè yẹ omi yín wò, ẹ gbé omi tí ẹ kò tíì tún ṣe àti èyí tí ẹ ti tún ṣe lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò lè ta hóró, òróró tàbí èédú. Bó bá jẹ́ omi inú ọ̀rá tàbí inú ìgò ló fẹ́ tà, kó lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NAFDAC. Kí ó má sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni nípa ohun tí ọjà rẹ̀ lè ṣe, torí ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ló wà nídìí rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé lé yín lọ́wọ́ rèé: kí òjò tó ń bọ̀ yìí tó dé, kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan wá hóró mòríńgà tó gbẹ, kó kọ́ ilé mẹ́ta ní bí a ṣe ń lò ó, kó sì dúró tì wọ́n títí omi náà yóò fi hó lórí iná. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ rí i ṣe.